Alákàbà Kò Wo Ògiri

Àwọn tó mọ̀ mí yóò sọ fún yín pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ẹnu-Ò-Sinmi ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti lọ kọ́ iṣẹ́ awò ojú lókè òkun, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan. N kò bínú sí i. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò sinmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́ ìfẹ́, torí odi kò lè ṣe alárinà. Bí mo ṣe di alárinà ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn mí.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pe ọ̀rẹ́ mi náà. Jẹ́jẹ́ ló ń jẹun, jẹ́jẹ́ ló ń rìn, bó bá sì ń lọ etí dígí lórí ẹ̀rọ, ẹ ó rò pé ojú ọmọ tuntun ló ń fọ̀. Àwa ọmọbìnrin méjèèjì la jọ ń gbé yàrá kan lókè ilé opó kan tí à ń pè ní Ìyá Onílé. Yàrá náà kéré débi pé bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ bàtà, ẹnì kejì ní láti ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí tán. Aṣọ ìnura wa kì í gbẹ tán. Mo ti gbé inú ilé tó tóbi jù ú lọ láti ìgbà náà, mo sì ti ní kọ́kọ́rọ́ tèmi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àárò rẹ̀ ń sọ mí bí ti yàrá yẹn.

Ìyá Onílé ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé ẹ̀ka igi tó bá fẹ́ dí ojú títì tàbí tó fẹ́ kan wáyà iná. Àkàbà kì í kúrò léjìká rẹ̀, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Alákàbà. Ó ga, ara rẹ̀ balẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá da ìbéèrè mẹ́ta bò ó, ẹ ó gba ìdáhùn kan, ìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, "Bọ̀dá Alákàbà" ni Jẹ́jẹ́ ń pè é, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń jẹun, mo gbọ́ tí Jẹ́jẹ́ ní, "Na omi yẹn sí mi."

Ìyá Onílé dá ṣíbí dúró lókè. "Ẹn-ẹ́n! Láti ìgbà wo ni Bọ̀dá ti bọ́ lára orúkọ nínú ilé yìí?"

Jẹ́jẹ́ sorí kodò. Alákàbà na omi náà sí i, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo bú sẹ́rìn-ín, torí n kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí nìyẹn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà. Wọn kì í sọ nǹkan kan. Bí a bá ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, tí a bá sì bá a lórí igi lójú títì, Jẹ́jẹ́ á dúró nísàlẹ̀, á di àkàbà mú fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkàbà náà ti ń dúró fúnra rẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ tó dé ìlú yẹn. Alákàbà náà á máa gé ẹ̀ka tí n kò rí ohun tó ṣe, kó má baà tètè parí.

Nígbà tí àsìkò lílọ wa wá ń kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá wa kéde ìdánwò àṣekágbá. Obìnrin àgbàlagbà ni Ọ̀gá. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ awò ojú tirẹ̀, tó wá ń fi lu àtẹ́lẹwọ́, kí oníkálukú yáa rántí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìdánwò wa kì í ṣe ti orí ìwé. Kí oníkálukú wa ṣe awò fún alààyè kan, kí ẹni náà lò ó títí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yóò fi lọ, kó wá jókòó síwájú òun lọ́jọ́ Ẹtì. Bí awò náà bá bá ojú mu, a ti yege. Bí kò bá bá ojú mu, a ó lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Ó ṣẹlẹ̀ pé awò tí Alákàbà ń lò ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ láti orí igi, tí ọkọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Kò lè rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Ohun tó bá ti kọjá òdìkejì títì, kùrukùru ni lójú rẹ̀.

"Èmi ni màá ṣe òmíràn fún un," Jẹ́jẹ́ wí, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

"Ta ló bá ọ du ú?" mo dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ojú, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ó jókòó kọjú sí ẹni náà, orúnkún yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ẹ ó gbé rúlà pẹlẹbẹ kan lé orí imú rẹ̀, ẹ ó sì wo bí àárín ọmọ ojú kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ibi tí ọmọ ojú bá wà ni àárín dígí gbọ́dọ̀ wà. Bó bá jẹ́ awò tí èèyàn fẹ́ fi wo ọ̀ọ́kán ni, ẹni tí à ń wọ̀n gbọ́dọ̀ máa wo ọ̀ọ́kán. Torí rẹ̀ ni Ọ̀gá ṣe kun àmì dúdú kan sára ògiri ní ìpẹ̀kun yàrá iṣẹ́ wa.

Èmi wà nídìí tábìlì tèmi, mo ń lọ dígí, ṣùgbọ́n etí mi kò sí nídìí iṣẹ́.

"Wo àmì dúdú tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi," Jẹ́jẹ́ wí.

"Mo ti ń wò ó."

"Má gbé orí."

"Mi ò gbé e."

Ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí, ó tún un wọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó sinmi, ó mí kanlẹ̀, ó wọ̀n ọ́n nígbà kẹta. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ pé iye kan náà ló ń bọ̀ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àárín ọjọ́ díẹ̀, awò ti délẹ̀, férémù rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì yẹ ojú Alákàbà bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ìyá Onílé pàápàá gbà pé ó yẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún ẹnu pọ̀ kó tó gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyá Jẹ́jẹ́ pè wá lórí fóònù. Jẹ́jẹ́ ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. "Bá mi sọ ti Alákàbà fún Màámi," ló wí. "Ẹnu mi ò gbà á."

Mo gba fóònù. "Ẹ kú ilé o, Mà."

"Ẹ kú àjò, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti ń di ẹrù?"

"A ti ń dì í, Mà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹrù àbọ̀ máa ń pọ̀ ju ẹrù àlọ lọ. Àwọn ẹrù mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn..."

"Ẹnu-Ò-Sinmi, sọ ojú abẹ níkòó. Ta ni ọmọkùnrin náà?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé ó níwà?"

"Ó níwà, Mà."

"Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Ó níṣẹ́. Orí igi ló ti ń ṣe é."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò kọ ọmọkùnrin náà. Ọ̀nà ni mo kọ̀. Ọkọ mú mi lọ síbi tó jìn sílé ìyá mi. Ara ìyá mi ò yá, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mo ń bọ̀ lọ́nà ni wọ́n sin ín. Àwọn aládùúgbò ló dúró tì í, èmi ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Sọ fún un pé kó má ṣe mí lóhun tí mo ṣe sí ìyá mi."

Kò sí ohun tó kù fún mi láti sọ fún Jẹ́jẹ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí ó gbé etí lé ẹ̀yìn fóònù. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ kan náà ní àkátúnká.

"Kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ bá Màámi jà lé lórí?" ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣé Alákàbà ti sọ fún mi pé òun fẹ́ mi? Bó bá ti sọ ọ́, ì bá yàtọ̀. Bóyá àlejò ló kàn ń ṣe lálejò. Èmi ni mo ń fi ọkàn ara mi ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Alákàbà nínú ọgbà níbi tó ti ń pọ́n ayùn.

"Bọ̀dá, ẹ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ mi àbí ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀?"

Ó pọ́n eyín ayùn bíi mẹ́ta sí i. "Ó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Mo mọ̀," ló wí, ó sì ń pọ́n ayùn rẹ̀ lọ.

Mo pòṣé tó gbọ̀n mí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ká ní mo lè gba irin tó fi ń pọ́n ọn lọ́wọ́ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ni ǹ bá fi pọ́n.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń lọ, mo kíyè sí i pé nǹkan kan ń ṣe Alákàbà. Ó ń bu omi gbígbóná, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Ó fẹ́ jókòó, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá àga. Ìyá rẹ̀ gbá àyà mú.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀. Oòrùn ni."

"Oòrùn wo? Ọjọ́ wo ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn? Kó tó di pé o wọ awò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, orí kì í fọ́ ọ."

"Màámi, awò náà dára."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a nídìí igi kan. Kó tó gun àkàbà, ó bọ́ awò náà, ó fi aṣọ wé e, ó fi sápò. Ó yíjú, ó rí mi.

"Kí ló dé tí ẹ bọ́ ọ?" mo bi í.

"Àkàbà ń di méjì mọ́ mi lójú."

"Kí ló dé tí ẹ ò wí?"

"Ìdánwò rẹ̀ ni." Ó wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Jọ̀ọ́, má sọ fún un. Màá rọra fara dà á títí di ọjọ́ Ẹtì."

Ó dà bíi pé kí n dì mọ́ ọn, kí n sì tún gbá a létí. Kò lè sọ pé òun fẹ́ràn èèyàn, ṣùgbọ́n ó lè gbé orí fífọ́ kiri fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, Jẹ́jẹ́ lọ bá a. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé wa, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, ẹ̀ka gígé kún ilẹ̀ láàárín wọn. Kò pẹ́ rárá tó fi gun àtẹ̀gùn padà wá, lọ́tẹ̀ yìí kò rìn jẹ́jẹ́.

"Mo sọ fún un pé Màámi ò fẹ́. Mo ní mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ Màámi, pé kó má bínú, kó gbàgbé mi."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó dáa." Ó ju aṣọ sínú àpótí. "Ó dáa! Ẹnu-Ò-Sinmi, ṣé o gbọ́? Odindi ẹ̀ẹ̀rùn, ó dáa!" Ló bá bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún tì í, n kò sì sọ ohun tí mo mọ̀, torí mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Ẹtì pé. A jókòó yí yàrá iṣẹ́ ká. Ọ̀gá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kan Alákàbà. Ọ̀gá gba awò lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wá àárín dígí méjèèjì, ó fi tàdáwà tọ́ àmì kékeré sí wọn. Ó dá awò náà padà sójú rẹ̀, ó ní kó wo ọ̀ọ́kán. Ó wò ó títí. Ó wá bọ́ awò tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló wọn ojú ọkùnrin yìí?"

"Èmi ni, Mà," Jẹ́jẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò tó ti eṣinṣin.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Mà. Iye kan náà ni mo rí."

"Dígí méjèèjì sún mọ́ra jù. Orí ò fọ́ ọ ni?" Ó bi Alákàbà léyìí.

"Díẹ̀, Mà."

Jẹ́jẹ́ yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ọ̀gá sọ fún gbogbo wa pé, "Ẹ gbọ́ o. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ṣì síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ ọmọ yìí ò ṣì. Bí èèyàn bá ń wo ohun tó jìnnà, ọmọ ojú rẹ̀ á dúró láàyè ara wọn. Bó bá ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, wọ́n á sún wọlé, wọ́n á fẹ́ pàdé ara wọn. Nígbà tí wọ́n wọn ọkùnrin yìí, ojú rẹ̀ sún wọlé ni. Ìwọ ọmọbìnrin, kí lo ní kó máa wò?"

"Àmì ara ògiri, Mà."

"Ìwọ ọkùnrin, kí lò ń wò?"

Alákàbà wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Ọ̀gá.

"Òun ni mo ń wò."

"Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta?"

"Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, Mà." Ó gbé orí sókè. "Ògiri ò lọ síbì kankan, Mà. Òun ló ń lọ."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá, ẹlòmíràn ń gbá tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ojú Jẹ́jẹ́, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ láti ọjọ́ yẹn, mo tilẹ̀ fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. N kò tíì gbọ́ èyí tó tó ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá gbé awò rẹ̀ padà sójú. "Ẹ̀kọ́ yìí ò ní ká máa fi ojú oníbàárà ṣe bó ṣe wù wá. Tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀, bó bá bá ojú mu, o yege. Ẹnu-Ò-Sinmi, ìwọ ni kó wọ̀n ọ́n."

Mo wọ̀n ọ́n. Kàkà kó wò mí, ṣe ló tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n kan ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Kò ṣèèṣì fi ojú kan imú mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Jẹ́jẹ́ tún awò náà ṣe kí oòrùn tó wọ̀, ó bá ojú mu, ó sì yege.

Nígbà tí a jáde, Jẹ́jẹ́ dá a dúró níbi àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́. Èmi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni kí alárinà dúró.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, èèyàn kì í fà á láṣọ."

"Fà mí láṣọ," Jẹ́jẹ́ wí. "Màá lọ ṣá. Ṣùgbọ́n fà mí láṣọ, kí n mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kí n dúró."

Ó sì na ọwọ́, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

A lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá Onílé ru àpótí wa dé ẹnu ọ̀nà. Ó di Jẹ́jẹ́ mọ́ra, ó ní, "O wù mí níyàwó ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo bí." Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ọdún yípo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alákàbà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ìyá Jẹ́jẹ́, pẹ̀lú àpò kan àti ayùn rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo sáré dé. Ó kí Màámi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mà, ẹ ní ẹ ò kọ̀ mí, ọ̀nà lẹ kọ̀. Mo ti rin ọ̀nà náà fúnra mi. Igi wà níbí náà. Ibí ni màá gbé."

Ara Màámi yá gágá. Ó ti borí. Ó gbé oúnjẹ wá, ó ń tọ́ka ilé tí wọ́n lè háyà, èyí tí òun lè fẹsẹ̀ rìn dé. Àárín ọ̀rọ̀ náà ló ti bi í léèrè pé, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Àwọn àti ta ni?"

Alákàbà ń wo ayùn rẹ̀.

Màámi rọra gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Jẹ́jẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú débi tó dùn mí. Nígbà tí Màámi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ bá mi pe obìnrin náà," ló wí.

Mo pè é. Màámi gba fóònù. "Ìyá Alákàbà, ẹ kú ilé. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi, mi ò jí i gbé o." Ó gbọ́ díẹ̀. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹ jẹ́ ká jọ ní wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, tiyín ni. Bí wọ́n bá pa á jẹ lọ́dún kan, èmi fúnra mi ni màá dá ọmọ yín padà." Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Bí ìgbéyàwó náà ṣe wáyé nìyẹn.

Wọn kò pa ẹ̀ẹ̀rùn kankan jẹ. Ọmọ dé, wọ́n ń gbé ọmọ lọ. Ó wá di ọdún kan, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, àwọn aládùúgbò pè pé ara Ìyá Onílé ò yá. Alákàbà wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú kejì, Jẹ́jẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Màámi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ní òun kọ ọ̀nà di àpò kan, ó bọ́ sọ́kọ̀.

Èmi ni mo tẹ̀ lé Alákàbà nígbà tó gbọ́, tó ń lọ bá ìyá rẹ̀. Ó ń sáré láti ibi tí ọkọ̀ já wa sí, mi ò lè bá a. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, Màámi ti jáde pàdé rẹ̀, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú.

"Má sáré mọ́, ọmọ mi. Wọ́n ti lọ láàárọ̀ yìí. Orí wọn wà lórí itan mi, mo ń sọ ìtàn àwọn ọmọ yín fún wọn. Wọn ò dá nìkan wà rárá."

Ó wò ó títí, bí ẹni pé ó ń wá ìyá rẹ̀ lójú ìyá ẹlòmíràn.

"Màámi," Alákàbà wí, ó sì gbé orí lé e léjìká.